Ta Ni Yóò Dúró fún Àjèjì Tó Wà Lẹ́wọ̀n?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àjèjì ni Ànábì Yúsúfù ní Íjíbítì. Wọ́n tà á síbẹ̀ ni. Kò ní ẹbí nílùú náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n fẹ́ jáde, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárúkọ òun fún ọba. Onítọ̀hún dé ìta, Ṣàtánì mú un gbàgbé, Yúsúfù sì tún lo ọdún mélòó kan sí i.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí a lọ wàásù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, ọkùnrin ará Atakpamé ní Tógò kan tọ̀ wá wá. (Èdè rẹ̀ jọ tiwa, ìran kan náà ni wá.) Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní 90 ọjọ́ láti gbé Nàìjíríà láìgba fisà, ó kọjá ìyẹn, ó sì tún dẹ́ṣẹ̀ tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ó ti lo ọdún 6. Ó ní, “Àáfà, wọ́n ń bi mí níbi tí n ó máa gbé àti ẹni tí yóò dúró fún mi. Ǹjẹ́ mo lè dárúkọ mọ́sálásí yín?” A ní a ó padà wá. Ẹ̀rù bà wá, a fi falẹ̀. Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà mìíràn.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, sọ pé bí wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ènìyàn, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tí ó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́, adájọ́ sì lè dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìlànà tàbí láìsí ìlànà. Abala náà kò ya onílùú sọ́tọ̀ lára àjèjì. Ṣùgbọ́n bí ìlànà náà bá jẹ́ pé kí ó mú àdírẹ́sì àti oníduùró wá, níbo ni àjèjì yóò ti rí i?

Àwọn kan yóò wí pé yóò sá lọ. Ẹni tí olè ti jà ní Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, a kò sì bá a jiyàn. Bí ìjọba bá fẹ́ dá a padà sílé lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ẹ̀tọ́ ìjọba ni. Èyí tí a kò rí ìdí rẹ̀ ni kí ó pẹ́ lẹ́wọ̀n ju onílùú tó dá irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lọ, nítorí pé kò ní ẹ̀gbọ́n ní Agbowó. Lẹ́yìn ogun Bádírì, àwọn ẹrú ogun tí kò ní owó ìtúsílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé kọ, kíkọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé ni Ànábì fi ṣe ìlànà ìdásílẹ̀ wọn. Ọ̀tá ni wọ́n, síbẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ó béèrè.

Òfin Bìrìtìkó ti ọdún 2007 ní kí wọ́n lé àjèjì tí wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Nínú mọ́sálásí yìí ni àwọn òbí ti ń ní kí a ṣe àdúà fún ọmọ wọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, pé kí wọ́n ro ti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lára. A sì ń ṣe àmín. Ọmọ ẹlòmíràn ni ará Atakpamé náà.

Lẹ́yìn ìrun òní, a ó kọ orúkọ àwọn agbẹjọ́rò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè gba ènìyàn síṣẹ́, àti ẹni tó bá ní yàrá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ní tiwa, a ti gbà kí wọ́n lo àdírẹ́sì mọ́sálásí. A ṣì ń wá ọgbà tí wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ.