Àwọn Ọmọbìnrin Selofehadi

Ẹ̀kọ́ kíkà: Numeri 27, ẹsẹ 1 sí 11

Ẹni tí ó bá ka ibi tí a tọ́ka sí yìí yóò pàdé àwọn ọmọbìnrin márùn-ún: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Selofehadi bàbá wọn kú láìní ọmọkùnrin. Ilẹ̀ pínpín dé, orúkọ ilé bàbá wọn sì fẹ́ parẹ́. Wọn kò jókòó sínú àgọ́ kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n lọ dúró níwájú Mose àti àlùfáà àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn náà ní ìpín. Mose gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọlọ́run lọ, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọn márààrún nìkan ni ó jẹ nínú rẹ̀. Ó di òfin fún gbogbo ọmọbìnrin tí bàbá tiwọn náà bá kú láìní ọmọkùnrin.

A rántí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Allen Avenue, n'Íkẹjà. A lọ wá bàtà tí yóò gba ẹsẹ̀ àgbà. Bí a ti wọ ṣọ́ọ̀bù kan, obìnrin tí ó ni ín kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Tíṣà wa. Ṣé ẹ kò mọ̀ mí mọ́ ni?" Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lórí ìkúnlẹ̀ náà, díẹ̀ ni ó kù kí ojú rẹ̀ bá tiwa dọ́gba. Ìgbà náà ni a mọ̀ ọ́n. Ọmọ kíláàsì wa ni, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ní ayé ìgbà náà, nẹ́tíbọ́ọ̀lù ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa. Bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tó wà lókè, àwọn ọmọkùnrin ló ni ín. Ọmọ yìí a máa bọ́ sáàárín wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, a sì máa jù ú wọlé jù wọ́n lọ. A pè é lọ́jọ́ kan níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, a ní, "Ìwọ tí o ga bí òpó iná yìí, ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ ọ?" A ti bọ́ọ̀lù náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, a sì fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. A rò pé ọmọ ni a ń tọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó sọ fún wa pé òun ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ó ti ga ju òun lọ. Básíkẹ́ẹ̀tì ni òun náà fẹ́ràn. Olùkọ́ eré ìdárayá ní kí ó wá fún ìgbaradì nígbà ìsinmi gígùn. "Mo ní rárá, Mà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí ni mo sọ fún un."

Ẹ̀yin ará, ara wa bù máṣọ. A jókòó sórí àpótí bàtà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un ohun tí a kò mọ̀ nígbà tí a ń kọ́ ọ.

A sọ̀rọ̀ Mobọ́lájí Akíodé fún un. New Jersey ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni, ó sì gbé nílé níbí nígbà èwe rẹ̀ kí wọ́n tó padà sọ́hùn-ún. Ó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Yunifásítì Fordham ní New York, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Athens lọ́dún 2004. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin wa dé ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbá ìdíje márùn-ún, márààrún ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti ń rí lára láti kùnà níṣojú gbogbo ayé yóò mọ̀ pé kò rọrùn láti tún okùn bàtà so. Wọ́n tún un so. Ní ìkẹfà, wọ́n borí Kòríà Gúúsù, 68 sí 64. Ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kankan tí ó tíì borí nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì. Ipò 11 nínú 12 ni wọ́n ṣe o! Àwa olùkọ́ ìbá fi gègé pupa kọ ọ́ sínú káàdì wọn pé kí wọ́n túbọ̀ múra sí i.

Mobọ́lájí rí iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá dá ìdúpẹ́ fún bí ọmọ wa bá rí i. Ó fi í sílẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Hope 4 Girls, ó ń kó àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà jọ, ó ń kọ́ wọn ní básíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè tipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ibí yìí ni a ti rí àwọn ọmọ Selofehadi. Ó gba ìpín tirẹ̀ tán, kò jókòó tì í.

Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá bi wá pé, "Mà, ṣé irú wọn máa ń rí ọkọ fẹ́?" Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀ ọ́ lára tó! A ní kí ó gbọ́ ti Lusia Harris, ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti Mississippi. Lọ́dún 1976, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin kún Òlíńpíìkì ní Montreal, òun ni ó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Lọ́dún 1977, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, New Orleans Jazz, yan òun náà mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Kò lọ, ó ti lọ́kọ, ó sì ti lóyún. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, ó sì padà lọ ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ó kú lọ́dún 2022.

A tún rán an létí Paris lọ́dún 2024, nígbà tí àwọn ọmọ wa, D'Tigress, borí Australia àti Kánádà, tí wọ́n fi wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù. Ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ì báà ṣe ti ọkùnrin, kò dé ibẹ̀ rí. Obìnrin ni olùkọ́ wọn, Rena Wakama. (Márùn-ún náà ni wọ́n ń dúró sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn ọmọ Selofehadi.)

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá. Ó ní, "Háà, Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ṣùgbọ́n kò wo ojú wa. Ó ní òun yóò rò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ó tó pè wá lórí fóònù. Ó ní òun ti yọ bàtà eré funfun kan sílẹ̀ nínú ọjà òun, nọ́ńbà 43, ṣùgbọ́n bí ipò ọmọ náà bá lọ sílẹ̀ nínú ìdánwò, òun yóò gbà á padà, òun yóò sì tà á. Ó ní kí àwa fúnra wa wá gbé e fún un. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni a ń lọ.