Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Òṣìṣẹ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iléeṣẹ́ West African Rubber Products tó wà ní Odógunyán, lẹ́bàá Ìkòròdú, gbiná lóru. Àwọn ará Ṣáínà ló ni iléeṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ṣíìfù alẹ́ sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni á ti ṣe tí ó bá rí iná. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Wọ́n ti tì í mọ́ wọn.

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ka òkú 37. Ìjábọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà pe iye wọn ní 45, ó sì fi kún un pé ìkìlọ̀ ti wà ṣáájú, ìjàm̀bá ti ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ yẹn, ìjọba kò sì mú ẹnikẹ́ni tẹ̀lé òfin. 37 tàbí 45, ọmọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Wọ́n jáde nílé lọ wá oúnjẹ òòjọ́, wọn kò sì padà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, má sọ pé Ìkòròdú jìnnà. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó gba Àkúrẹ́ dé Ọ̀rẹ̀, tó sì gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ọ̀nà Ògijo ni yóò bá wọ Ìkòròdú. Odógunyán wà lójú ọ̀nà yẹn gan-an, kí ó tó dé ìgboro. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń tọ̀ lọ nìyẹn, bí wọ́n bá parí ìwé mẹ́wàá tí oko kòkó kò wù wọ́n mọ́, tí kò sì sí iṣẹ́ ìjọba. Iléeṣẹ́ àwọn àjèjì ló kún ojú ọ̀nà náà: ti irin, ti ike, ti rọ́bà. Bí ọmọ ilé rẹ kò bá tíì lọ, ọmọ ilé kejì ti lọ.

Jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní Odógunyán yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àgádágodo kì í ti ara rẹ̀. Ẹnì kan ló máa ń rò ó, tí á sì pinnu. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ lóru mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé. Ó mọ̀ pé ọjà tó ń jó ló kún ibẹ̀, pé ẹ̀rọ tó gbóná àti wáyà iná wà láàárín rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má sí nítòsí. Ó mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù olè ń bà á: bí ẹnì kan bá gbé ọjà jáde ńkọ́? Bí ẹlòmíràn bá yọ́ jáde lọ sùn ńkọ́? Ó wo ọjà, ó wo ènìyàn, ọjà sì ṣe iyebíye ju ènìyàn lọ lójú rẹ̀. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń yí i. Alaalẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ alẹ́ á kọjá láìséwu, ìyẹn á sì mú kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Torí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, ó dá a lójú pé kò ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lónìí. Àwọn tó wà nínú ilé náà á mọ́ ọn lára. Wọn á máa gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún, wọn á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní abúlé wa, bí ilé bá ń jó, okùn ọrùn ewúrẹ́ ni a kọ́kọ́ máa ń já, kí ẹran náà lè sá àsálà. Ta wá ló kọ́ wa pé kí á so ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀?

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sí òfin nígbà náà. Òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1987, ọdún 15 gbáko kí Odógunyán tó jó. Ó sọ ọ́ kedere: níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú iléeṣẹ́, yálà ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń jẹun, wọn kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ilé kò fi ní lè ṣí i wéré. Ìwé ti wà, ẹni tí yóò wọlé wò ó bóyá wọ́n ń pa á mọ́ ni kò sí.

Ayé náà sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iléeṣẹ́ aṣọ Triangle jó ní New York. Òṣìṣẹ́ 146 ló kú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn pa. Ẹ̀rù olè náà ni. Àwọn ẹni yẹn kò mọ̀ wá, a kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ikú kan náà ló pa àwọn àti àwọn ará Odógunyán.

Ṣé a wá gbọ́n lẹ́yìn Odógunyán? Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìrẹsì kan tí àwọn ará Íńdíà ni ní Kánò. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ti tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ láti ìparí oṣù Kẹta, kí iṣẹ́ má baà dúró. Wọ́n ṣèlérí owó díẹ̀ fún wọn lórí owó oṣù, wọ́n sì sọ pé ẹni tó bá kọ̀ yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 18 lẹ́yìn Odógunyán ni.

Ìwọ òṣìṣẹ́, n kò dá àwọn tó kú lẹ́bi, o kò sì gbọdọ̀ dá wọn lẹ́bi. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n wo bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kọ́ńtírákítọ̀ á ní kásúà ni ọ́, kò sí ìwé. O gbà. Lóṣù kejì, o ṣèṣe níka, wọ́n fún ọ ní owó oògùn, wọ́n ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. O gbà. Lóṣù kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn lóru. Nígbà yẹn, gbígbà ti di ìwà rẹ.

Ibi ìwé yẹn gan-an ni kí o ti kọ́kọ́ dúró gbọn-in. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún ọ. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan, kí ẹni tó bá fara pa tàbí ẹbí ẹni tó bá kú lè rí nǹkan gbà. Ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan ńkọ́? Àwọn ẹbí rẹ̀ á kọ́kọ́ máa fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ wọn tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Ìwọ súpáfáísọ̀, ọ̀rọ̀ kàn ọ́. Kì í ṣe ọ̀gá tó ti òkè òkun wá ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú ní gbogbo ìgbà. Ọmọ wa ni nígbà mìíràn, ẹni tó ń sọ èdè wa, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí pẹ̀lú wa. Bí wọ́n bá ní kí o ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn rẹ, kọ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ọdẹ sí ẹnu ọ̀nà bí olè bá ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí wọ́n bá lé ọ, iṣẹ́ ni o pàdánù. Ìwọ yóò rí òmíràn. Bí o bá tì í, tí iná sì sọ, kí ni o fẹ́ sọ fún ìyá wọn?

Ìwọ òbí, má kàn máa béèrè iye tí ọmọ fi ránṣẹ́. Béèrè orúkọ iléeṣẹ́ náà. Béèrè bóyá ó ní ìwé, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóru, àti ọ̀nà tí yóò gbà jáde bí iná bá sọ.

Má sì dá jà. Ní ọdún 2012, iléeṣẹ́ aṣọ kan jó ní Karachi, ní Pakistan, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 250. KiK, oníṣòwò aṣọ ará Jámánì, ló ń rajà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹbí òkú kóra jọ, wọ́n di ẹgbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé dúró tì wọ́n, títí KiK fi gbà ní ọdún 2016 láti san owó tó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kásúà tàbí ẹni tí wọ́n gbà pátápátá. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní agbára láti rán ènìyàn wá wo iléeṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́.

Bí o bá sì ní ṣíìfù alẹ́ lónìí, kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, rìn lọ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wà níbẹ̀, kí o sì ṣí wọn wò. Bí ọ̀kan bá wà ní títì, pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jọ, kí gbogbo yín jọ sọ fún súpáfáísọ̀ pé iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ṣí i.