Ọ̀dà Tuntun Lára Ọkọ̀ Àlòkù

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Bí wọ́n bá pè mí sí èbúté apẹja Kútọnu láti bá wọn yẹ ọkọ̀ ìpẹja àlòkù wò, inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Omi iyọ̀ kì í tètè mú pákó jẹrà. Omi òjò tó dágún sí ìdí ọkọ̀ ló burú. Mo ń fi ọ̀bẹ gún etí ìṣó, mo sì ń fi òòlù kan pákó kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.

Bí ọ̀dà tuntun bá wá bo ibi tó jẹrà ńkọ́? Cicero ará Róòmù ròyìn pé onímọ̀ ọgbọ́n orí náà, Diogenes ará Bábílónì, ní kí ọlọ́jà sọ ìwọ̀n àbùkù tí òfin bá ní kó sọ. Antipater, akẹ́kọ̀ọ́ Diogenes, ní kó sọ gbogbo rẹ̀. Nínú Ìsìláàmù tí mò ń ṣe, ẹni tó bá àbùkù tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ lára ọjà lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i láàárín agbami, ta ni yóò dá ọkọ̀ padà fún? Antipater ni mo gbè lẹ́yìn. Ẹni tó ń náwó sí ọkọ̀ lè má wọ̀ ọ́ láéláé. Àwọn atukọ̀ tí kò sí níbi ìdúnàádúrà ni ọlọ́jà jẹ ní gbèsè òtítọ́.