Ta Ni Ó Ni Ohun Tí A Jọ Rí?



Bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá jọ gòkè lọ láti wá òkúta iyebíye, tí ọ̀kan gbé òòlù, tí èkejì gbé okùn, tí ẹ̀kẹta sì ń ṣọ́ ọ̀nà, bí ojú ọ̀kan nínú wọn bá kọ́kọ́ bọ́ sí ohun tí wọ́n ń wá, ta ni ó ni ín? Ẹ má ṣe yára dáhùn. Ìbéèrè yìí ti tú ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ká.

Ní àwọn òkè ńlá Alps ní Yúróòpù, iṣẹ́ àtijọ́ ni wíwá kírísítálì. Láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn ni omi gbígbóná ti wọ inú àlàfo àpáta. Bí omi náà ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni ohun tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ń dì, títí ó fi di òkúta tí ń dán bí gíláàsì. Ní Switzerland, àwọn tí ń wá a ní àṣà rere kan. Ẹni tí ó bá rí ihò kírísítálì, tí kò sì lè kó o tán, a fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ihò náà. Ẹni tí ó bá ń kọjá yóò mọ̀ pé ihò náà ti ní ẹni tí ó ni ín, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Kò sí ọlọ́pàá lórí òkè; ẹ̀rí-ọkàn ni olùṣọ́ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ènìyàn lè rí lórí òkè, tí a kò lè fi òòlù sàmì sí. Ohun náà ni ọlá.

Jacques Balmat jẹ́ ọdẹ àti awákírísítálì ní Chamonix, ní ìsàlẹ̀ òkè Mont Blanc, tí gíga rẹ̀ ju 4,800 mítà lọ. Ní ọdún 1760, ọ̀mọ̀wé de Saussure ti ìlú Geneva ṣèlérí ẹ̀bùn owó fún ẹni tí ó bá rí ọ̀nà dé orí òkè náà. Kò sí ẹni tí ó débẹ̀ títí di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1786, nígbà tí Balmat àti dókítà ìlú náà, Michel-Gabriel Paccard, jọ gùn ún, àwọn méjèèjì nìkan. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀, ìtànṣán oòrùn lórí yìnyín ti pa ojú dókítà, kò ríran fún ìgbà díẹ̀. Balmat ni ó gba ẹ̀bùn owó náà.

Òǹkọ̀wé kan, Bourrit, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti gun òkè náà tí kò lè dé orí rẹ̀, tẹ ìwé jáde tí ó gbé Balmat ga, tí ó sì tẹ́ńbẹ́lú Paccard. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Balmat fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí ó fi ipa tí dókítà kó hàn. Ìbá dúró lórí ẹ̀rí yẹn! Ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí. Ní ọdún 1832, ọdún 5 lẹ́yìn ikú Paccard, ó sọ fún òǹkọ̀wé Alexandre Dumas pé òun nìkan ni òun kọ́kọ́ dé orí òkè, àti pé ńṣe ni òun padà lọ fa dókítà gòkè. Òkú kò lè fèsì. Nígbà tí a gbé ère kalẹ̀ ní Chamonix ní ọdún 1887, Balmat àti de Saussure ni a gbẹ́. A kò gbẹ́ Paccard mọ́ wọn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ará Jámánì kan, von Gersdorf, ti fi awò awọ̀nàjíjìn wo àwọn méjèèjì ní ọjọ́ náà, ó sì ti kọ wákàtí tí wọ́n dé ibi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ ìwé náà wò ní ọ̀rúndún ogún, ó hàn gbangba pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ débẹ̀ ni. Ní ọdún 1986, Paccard náà ní ère tirẹ̀. Balmat ti kú tipẹ́: ó já lulẹ̀ lórí òkè ní ọdún 1834, níbi tí ó ti ń wá wúrà.

Ẹ má jẹ́ kí á sọ òkúta lù ú. Akíkanjú ni, ọlá rẹ̀ sì tó fún un láìfi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: nígbà tí wọ́n bá ń kí wa kú oríire ilé tuntun, ǹjẹ́ a máa ń dárúkọ aya wa tí ó fi èrè ọjà rẹ̀ ra páànù? Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń yin alága, ǹjẹ́ alága máa ń dárúkọ akọ̀wé tí kò sùn lóru?

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi kò purọ́, mo kàn dákẹ́ ni.” Òótọ́ ni pé ipa gbogbo wa kì í dọ́gba. Síbẹ̀, ẹni tí ó dákẹ́ kí ìyìn ẹlòmíràn lè bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin keje àti ìkẹjọ pọ̀: ó jalè, ó sì jẹ́rìí èké. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹni tí ó jí ọlá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá a padà, ní etí àwọn tí wọ́n gbọ́ irọ́ náà, kí ẹni tí ó ni ọlá náà tó kú.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ronú kan ẹnìkan tí ẹ jọ gun òkè kan rí, tí ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe é. Àmín.