Òtítọ́ Ṣíṣe Nínú Àríyànjiyàn Owó Ìnṣọ́ránsì: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Orí Yìnyín Kan ní Kánádà

  Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ rí, ẹni tí ó ń gbé ní apá àríwá Ontario ní Kánádà báyìí. Ohun tí ó kọ sí mi ni pé: "Àáfà mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àdéhùn tí àwọn onímọ̀ sọ pé kò tọ́, ǹjẹ́ ẹnìkan lè jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀? Bí ó bá sì lè jà, irú ìjà wo ni?" Mo rí i pé ìbéèrè náà ju ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ, ni mo ṣe gbé e wá síwájú ẹ̀yin onímọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn tí kò tíì dé ilẹ̀ òtútù, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní snowmobile. Ọkọ̀ kékeré ni, ó jọ alùpùpù lójú, ṣùgbọ́n kò ní táyà kankan: ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ni ó fi ń yọ̀ lórí yìnyín níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà gbígbòòrò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ ọmọ Quebec kan, Joseph-Armand Bombardier, ni ó gbé Ski-Doo jáde ní ọdún 1959, irú ọkọ̀ yìí sì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ fi ń lọ pẹja, tí wọ́n fi ń ṣọdẹ, tí wọ́n sì fi ń ṣeré. Òfin Ontario sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí yóò gùn ún kúrò lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì, nítorí ewu tí ó lè ṣe fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì tí ó ń dáàbò bo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá wù ni ó ń rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ra méjèèjì. Ní ìgbà òtútù kan, ó fi ọkọ̀ náà kọlu òkúta tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ wọ́, ẹ́ńjìnnì náà sì kú kò jí mọ́. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán wá yẹ òfò náà wò gbà pé òkúta ni ó ba iwájú ọkọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbó tẹ́lẹ̀, àdéhùn wọn kò sì kan ohun tí ó gbó fúnra rẹ̀. Ó tún ní iye tí ọkọ̀ àlòkù bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà ni àwọn yóò fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe iye tí ó fi rà á ní tuntun. Ìgbà náà ni mẹkáníìkì rẹ̀ sọ fún un pé òun lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òkúta ni ó fa gbogbo rẹ̀. Níkẹyìn ni ó wá jẹ́wọ́ ohun tí ó ń dà á láàmú ní tòótọ́: ó ti gbọ́ ariwo kan nínú ẹ́ńjìnnì náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkọlù, kò sì sí ẹni tí ó bi í.

Àwọn ará mọ́sálásí rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Ẹnìkan ní ìnṣọ́ránsì haraamu ni, àwọn tí ó ni í kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí náà kí ó gba ohunkóhun tí ó bá lè rí gbà. Èkejì ní nítorí pé ó jẹ́ haraamu, kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tọrọ àforíjìn, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ wò ó bí ènìyàn méjì ṣe ti ẹnu ọ̀nà kan náà jáde, tí ọ̀kan gba ìlà-oòrùn lọ, tí èkejì gba ìwọ̀-oòrùn. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà.

N kò ní í pẹ́ lórí ìdájọ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tí ó ṣíwájú ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ débi tí ó tó. Mustafa al-Zarqa ti ilẹ̀ Síríà gbà á láàyè, Muhammad Abu Zahra ti Íjíbítì sì takò ó nínú ìpàdé tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Damásíkù ní ọdún 1961. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tí ó wà ní Jeddah dájọ́ pé gharar ńlá wà nínú ìnṣọ́ránsì olówó-ìdíyelé tí àwọn oníṣòwò ń ṣe, wọ́n sì tọ́ka sí èyí tí ó dá lórí ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò. Ní Nàìjíríà, àjọ tí ń ṣe àkóso ìnṣọ́ránsì gbé ìlànà takaful jáde ní ọdún 2013. Akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé òun wá irú rẹ̀ ní ibi tí òun ń gbé, òun kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Bóyá ó ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ Hanafi kan fi àyè sílẹ̀ nínú irú òwò yìí ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Mùsùlùmí. Ibn Abidin, ẹni tí ó kú ní Damásíkù ní ọdún 1836, kọ nípa ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ òkun ti ayé ìgbà náà. Kò gbà á láàyè fún oníṣòwò, ṣùgbọ́n ó yọ ibì kan sílẹ̀, níbi tí àdéhùn ti wáyé ní ilẹ̀ wọn tí owó wọn sì fi ìyọ̀ǹda wọn dé ọwọ́ Mùsùlùmí. Ìyọ̀ǹda ni ìdí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a tàn jẹ kò yọ̀ǹda ohunkóhun. Àwọn Hanafi gan-an tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó wọ ilẹ̀ wọn pẹ̀lú ààbò kò gbọdọ̀ dalẹ̀ wọn. Àwa tí a ń tẹ̀lé Màlíkì kò tilẹ̀ fi àyè náà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìtàn Mughira ọmọ Shu'ba kò tó wa ni? Kí ó tó gba Islam, ó pa àwọn keferi kan tí wọ́n jọ rìnrìn-àjò, ó sì kó dúkìá wọn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a), ó gba Islam rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní í fọwọ́ kan dúkìá náà, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní alẹ́ Hijira: àwọn tí wọ́n fẹ́ pa Ànábì ni wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó dá a padà fún wọn. Kò sí ọ̀tá tí ó ju èyí lọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Kánádà kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkejì ní tirẹ̀ gbàgbé Suratu-l-Baqarah, àyà 279. Àní nínú ribà, tí Ọlọ́hun kéde ogun lé lórí, Ó fi ojú owó sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í, kí ó má ṣe àbòsí, kí a má sì ṣe àbòsí sí i. Bí àdéhùn kan bá tilẹ̀ bàjẹ́, kò túmọ̀ sí pé owó tí Mùsùlùmí san di ti ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, iye tí ó ti ń san láti ọdún wá, ó lè bèèrè rẹ̀ láìsí ìyàtọ̀ èrò kan tí ó lágbára. Bí ó bá sì tẹ̀lé èrò al-Zarqa, ó lè bèèrè gbogbo ohun tí àdéhùn fún un. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn sahaba pé kí wọ́n fi olówó-orí kan tí ó ń pariwo mọ́ ọn sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ iye ọkọ̀, mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé adójútòfò ni ó jàre. Inú rẹ̀ kò dùn sí èsì yìí. Ṣùgbọ́n kí ni a kọ́ nínú fíkíhì? Ohun tí kò ní ẹgbẹ́ tí ó bá a dọ́gba, iye rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣòfò ni à ń san, kì í ṣe iye ọjọ́ tí a rà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ariwo ẹ́ńjìnnì. Irọ́ mẹkáníìkì kò nílò ìwádìí. Gbogbo wa mọ ìdájọ́ rẹ̀. Òfin Ontario náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lórí òfò ọkọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, "Wọn kò bi mí." Ó tún ní bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò di ariwo kékeré náà mú láti fi kọ ohun tí ó tọ́ sí òun. N kò lè sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ kò ní ìdí. Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Síbẹ̀, ìwé tí yóò kọ ránṣẹ́ lórí òfò náà jẹ́ ìkéde tí òfin ibẹ̀ fún ní agbára ìbúra. Ẹni tí ó bá kéde pé òkúta ni ó pa ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń gbọ́ ariwo náà ní etí ọkàn rẹ̀, ti lo ìdákẹ́jẹ́ láti fi jẹ́rìí. Oníṣòwò tí ó mọ àbùkù ọjà rẹ̀ kò ní àwáwí pé oníbàárà kò bi òun. Umm Salama, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gbà á wá pé Ànábì ṣàlàyé pé abara ni òun, pé ẹnìkan lè mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnìkejì lọ níwájú òun, àti pé ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì tí ó bá ti ipa bẹ́ẹ̀ gbà, ègé iná ni. Nínú ẹ̀gbàwá Abu Dawud, àwọn méjì tí wọ́n ń jà lórí ogún láìní ẹ̀rí bú sẹ́kún, olúkúlùkù sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún èkejì. Bí ìdájọ́ Ànábì gan-an kò bá sọ haraamu di halaali, kí ni ìwé sọ̀wédowó yóò sọ di halaali?

Ohun tí mo wá fi yé e ni pé ìmọ̀ yàtọ̀ sí ìtumọ̀ ìmọ̀. Ó di dandan kí ó sọ pé òun gbọ́ ariwo. Kò di dandan kí ó gbà pé ariwo náà ni ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ lè pariwo kí òkúta sì tún pa á. Ó lè pe mẹkáníìkì mìíràn tí yóò tú u palẹ̀ kí ó sọ ohun tí ó rí. Bí ìyapa bá sì kù lórí iye, òfin ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ mọ ìlànà kan tí olúkúlùkù fi ń yan olùdíyelé tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń yan onílàjà kan. Ẹni tí ó bá ka Suratu-n-Nisaa, àyà 35, kò ní í ya irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ó kọ ìwé náà bí mo ṣe sọ, ó sì gbé ọkọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ẹni tí ó pè é ní òmùgọ̀. Wọ́n san owó iwájú ọkọ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì, wọn kò tíì fèsì nígbà tí mo ń kọ èyí. Ó tún bi mí pé bí ohun tí òun gbà bá ju ohun tí òun ti san lọ, kí ni kí òun fi èlé náà ṣe? Mo ní bí ọkàn rẹ̀ bá fara mọ́ ìdájọ́ Jeddah, kí ó fún aláìní láìka a sí sàárà. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.