Ǹjẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Yíyọ̀ Mọ́ni Lẹ́nu Ni Ọgbọ́n?

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, kíá ni a ó pè é ní ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí ó bá ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ a di òpè lójú wa. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1985, ní Port Harcourt, Ken Saro-Wiwa tẹ ìwé Sozaboy jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pe Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ní èyí tí ó ti jẹrà. Síbẹ̀, Mene, ọmọ abúlé tí ń sọ ọ́, ni ó sọ ìkà ogun láìfi bò. Àwọn ọ̀gá tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí kò yé e ni wọ́n rán an lọ pàdé ikú.

Àwa olùkọ́ tí ń fi ahọ́n díwọ̀n orí ọmọ (èmi náà jẹ̀bi), ta ni à bá fún ní máàkì nínú wọn?