Ṣé Irọ́ Ni Ọ̀rọ̀ Ìrẹ̀lẹ̀ Tí A Há Sórí?

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ nínú èdè Japan ni bí ènìyàn ṣe ń fi ara rẹ̀ han ẹni tí kò rí rí. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. “Hajimemashite” ń sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó pàdé nìyí. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò sì fi “to mōshimasu” tì í. Èyí tó gbẹ̀yìn ni “Yoroshiku onegai shimasu”, tó jọ pé: “Mo bẹ̀ yín, ẹ fi inú rere bá mi lò.” Bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, yóò tẹríba.

Ìrẹ̀lẹ̀ ló kún inú rẹ̀. “Mōsu” kì í ṣe “sọ” lásán. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. “San” tí wọ́n fi ń bu ọlá fún orúkọ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kì í fi í sí orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú. Oníṣòwò a máa dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó dárúkọ ara rẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì orúkọ rẹ̀ sí àlejò.

Ìbéèrè mi wá nìyí: bí gbogbo ènìyàn bá ti há ọ̀rọ̀ kan náà sórí, ṣé òtítọ́ wà nínú rẹ̀? Agbéraga lè tẹríba ju gbogbo wa lọ. Àwọn kan yóò ní ó sàn kí olúkúlùkù sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ dídùn lè bo ìwà búburú mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbà pé irọ́ ni. Ẹni tó ń purọ́ ń ròyìn ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wí pé “Yoroshiku” kò ròyìn ohunkóhun. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ọmọ tó kí bàbá rẹ̀ “Ẹ kú àárọ̀, sà” ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn, ta ni yóò pè é ní òpùrọ́? Ó fún bàbá ní ohun tó tọ́ sí i ni.

Àwọn mìíràn lè ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èsì tí wọ́n sábà máa ń fọ̀ sí i: “Kochira koso”, ìyẹn ni pé, “Èmi gan-an ló yẹ kí n bẹ̀ yín.” Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ipò rẹ̀ kéré ni í tẹríba jù, àwọn méjèèjì ló bẹ ara wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Nítorí náà, ìwà tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ló yẹ ká wò. Ẹni tó bẹ àlejò pé kó fi inú rere bá òun lò ti jẹ gbèsè: òun náà gbọ́dọ̀ fi inú rere bá a lò. Bí kò bá san án, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ ilé-ìwé kọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ lákọ̀ọ́sórí, kí a sì máa san gbèsè rẹ̀ lójoojúmọ́.